Bí Ìjàpá Àtijọ́ Bá Wọ Ilé Yín

Ẹ̀yin ìyàwó wa, ẹ̀yin abiyamọ, bí ọkọ yín bá ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ kan, tí ó sì fa Volkswagen àtijọ́ kan tí kò lè dá rìn wọ àgbàlá, ẹ má tíì bínú, ẹ má sì tíì yọ̀. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rogodo yìí, tí àwọn bàbá wa sọ ní Ìjàpá, ti di ohun ìgbafẹ́ fún àwọn ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí yóò máa jẹ, inú ilé yín ni yóò ti jáde, àwọn ọmọ yín ni wọn yóò sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ó yẹ kí ìyàwó ilé mọ ohun tí ó wà nínú igbá náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá yín, ọ̀rọ̀ náà kàn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ferdinand Porsche ni ó ṣe ètò ọkọ̀ náà ní ilẹ̀ Jámánì ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Major Ivan Hirst, ni ó mú kí ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Wolfsburg padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní ojú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Àwọn ará Brazil ń pè é ní Fusca. Ní Puebla, ní ilẹ̀ Mexico, ni èyí tí ó kẹ́yìn ti jáde ní oṣù keje ọdún 2003, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 21. Èyí fi hàn pé èyí tí ó kéré jù lọ ní ọjọ́ orí ti lé ní ogún ọdún, àwọn tí ẹ óo rí ní ilẹ̀ wa sì sábà máa ń tó ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó bá dàgbà tó ìyá ẹni, sùúrù ni a fi ń bá a lò.

Owó ni kí ẹ kọ́kọ́ jókòó sọ. Ẹni tí ó ń ta Ìjàpá àtijọ́ yóò pe owó kékeré. Iye tí yóò tún un ṣe ni kò ní dárúkọ. Ẹ má wo ọ̀dà tí ń dán. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ páànù ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì ń gbé, ásíìdì rẹ̀ a sì máa jẹ irin ibẹ̀. Ẹ wo abẹ́ àwọn ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Bí gbogbo ibi wọ̀nyí bá ti dógùn-ún, ọwọ́ wẹ́dà ni owó yín yóò parí sí. Ẹ́ńjìnnì kò le tó bẹ́ẹ̀: bóòtù mẹ́rin péré ni ó so ó mọ́ gíà, mẹkáníìkì tí ó bá mọ̀ ọ́n lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ̀wà tó jinná.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò sí iye kan lóṣù, kí ẹ sì fi í sínú àpótí tirẹ̀. Owó oúnjẹ, owó ilé-ìwé àti owó ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ bá a pàdé. Bí ti oṣù yìí bá tán, Ìjàpá yóò dúró de oṣù tí ń bọ̀; ó ti pẹ́ tí ó ti ń dúró. Ìyàwó tí ó bá ń pariwo lójoojúmọ́ kò lè lé ọkọ̀ náà lọ. Ọkọ rẹ̀ yóò kàn máa fi rìsíìtì pamọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí i wò. Iwájú tí ẹ rò pé ẹ́ńjìnnì wà, ẹrù ni a ń kó síbẹ̀, táǹkì pẹtiróòlù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi: fáànù kan ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lára, bí ìgbà tí a ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ àgbàlagbà tí ooru mú. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí fáànù yìí àti dáínámò tí ń fún bátìrì ní agbára. Nítorí náà, bí iná pupa ti dáínámò bá tàn nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ má sọ pé ẹ óo délé kí ẹ tó wò ó. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì pa á. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, kò sì ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi bàjẹ́. Wọ́n ní Ìjàpá ń lọ sí àjò, wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Kí tiyín má bàa tẹ́ lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ẹ fi bẹ́líìtì mìíràn àti sípánà tí ó bá a mu sínú ọkọ̀. Obìnrin lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ, òun náà sì wà lára ohun tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wọn pẹ́ a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fọ asẹ́ wáyà tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó rí bí asẹ́ ògì kékeré. Àlàfo fáàfù, tí kò ju 0.15 mìlímítà lọ, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni a ń wọ̀n ọ́n. Mẹkáníìkì tí ó bá fẹ́ ṣe é nígbà tí ó ṣì gbóná, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti obìnrin, ẹ sọ ti Bertha Benz fún un. Ní 1888, láìsọ fún ọkọ rẹ̀ tí ó ṣe ọkọ̀ náà, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú rẹ̀, wọ́n sì wà á láti Mannheim dé Pforzheim. Nígbà tí ọ̀nà epo dí, píìnì fìlà rẹ̀ ni ó fi là á.

Ti àwọn ọmọ ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá àtijọ́ kò ní bẹ́líìtì ní ìjókòó ẹ̀yìn rárá. Kí àwọn ọmọ má ṣe bá a rìn títí a óo fi de bẹ́líìtì mọ́ irin ara ọkọ̀ náà, kí ìjókòó ọmọdé sì lè so mọ́ ọn. Kòtò kékeré kan wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, lábẹ́ gíláàsì, tí àwọn ọmọ fẹ́ràn láti kó sí bí òròmọdìyẹ. Ẹ má gbà fún wọn. Kò sí ohun tí yóò dì wọ́n mú níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì wà lẹ́yìn wọn gan-an.

Bátìrì abẹ́ ìjókòó ńkọ́? Irin ni sípíríìn ìjókòó náà. Bí ẹni tí ó wúwo bá jókòó, tí ìbòrí bátìrì kò sì sí níbẹ̀, irin lè kan orí bátìrì, kí ìjókòó sì gbiná. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ rí i pé ìbòrí náà wà. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí pẹtiróòlù ń gbà kọjá, nítorí pé rọ́bà tí ó gbó a máa sán, epo a sì máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bí ẹ bá gbóòórùn pẹtiróòlù nínú ọkọ̀, ẹ má gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ àtijọ́ ń rùn. Ẹ kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀. Ohun kan tún wà tí imú lè má mọ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ tí ń gba ooru láti ara páìpù èéfín wọ inú ọkọ̀ nítorí òtútù. Bí irin rẹ̀ bá ti lu, èéfín lè bá ooru náà wọlé, ẹni tí ó bá sì ń mí i símú lè sùn kí ó má jí mọ́. Òtútù ilẹ̀ wa kò tó ohun tí a ń fi èyí ṣe. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì dí i pa.

Ọkọ̀ tí a kì í wà ni ó ń yára bàjẹ́, nítorí náà ẹ máa wà á fún ìdajì wákàtí ní ọjọ́ Sátidé, kí ọ́ìlì lè gbóná dáadáa. Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ tí kò fẹ́ pa dé, ẹ má fi agbára tì í. Ara ọkọ̀ náà dí tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í rí ọ̀nà jáde. Ẹ sọ gíláàsì kan kalẹ̀ díẹ̀. Bí omi tí ń fọ gíláàsì iwájú kò bá sì tú jáde mọ́, táyà àpamọ́ tí ó wà níwájú ni kí ẹ wò, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, afẹ́fẹ́ inú táyà yẹn ni ó ń ti omi náà sókè.