Ikùn Lè Yó Kí Ara Má Jẹun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọdé, ebi lè kúrò nínú ikùn kí ó má kúrò nínú ara. Ìdánwò mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nínú yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ a máa fi èyí hàn kedere.

Èkíní ni ti sítáàṣì. Wọn a kán áyódìn, oògùn pupa rúsúrúsú tí a fi ń pa ojú ọgbẹ́, sórí oúnjẹ. Bí sítáàṣì bá wà níbẹ̀, yóò dúdú bí aró. Èkejì ni ti ṣúgà. Wọn a po oúnjẹ mọ́ omi, wọn a bu oògùn Benedict aláwọ̀ sánmà sí i, wọn a sì gbé e sínú omi gbígbóná. Oyin a sọ ọ́ di pupa bí amọ̀ sísun. Ẹ̀kẹta ni ti amúaradàgbà. Omi kọ́sítíìkì, irú èyí tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń lò, ni wọn a kọ́kọ́ bù sí i, kí wọ́n tó kán kọ́pà súlféètì díẹ̀ lé e. Àwọ̀ àlùkò ni ẹ̀rí rẹ̀. Nítorí pé kọ́sítíìkì ń jó ara, ojú olùkọ́ ni kí a ti ṣe é.

Ẹ̀kọ, ẹ̀bà, iyán àti tùwó, gbogbo wọn ni áyódìn ń sọ di aró. Ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà ni ó ń mú àlùkò jáde dáadáa. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, amúaradàgbà tó nǹkan bí 23 gíráàmù. Ti gàrí kò tó 2. Bí a bá sì sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú tirẹ̀ ń bá eèrí lọ.

Ní 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ wọn sì ń bó. Ẹ̀kọ àgbàdo ni olórí oúnjẹ wọn. Kwashiorkor ni àwọn ará Gá ń pe àìsàn náà: àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò dé. Àìtó amúaradàgbà nìkan kọ́ ni ó ń fà á, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lásán kò lè gbé ọmọ dàgbà.

Ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì kò jìnnà sí àtúnṣe. Ẹ̀pà tí kò bu, ẹ̀wà àti wàrà Fúlàní kún ọjà ibẹ̀. Bí ọmọ bá ti pé oṣù 6, kí a lọ ẹ̀wà bíbó tí ó jinná mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, tàbí kí a po ẹ̀pà lílọ̀ kúnná mọ́ ọn. Kí wàrà hó kí ó tó mu ún. Kí ó sì máa mu ọmú títí di ọdún 2.

Ìyá kò ní í gbé ìgò áyódìn wọ ilé ìdáná. Bí ó bá ti bu ẹ̀kọ sínú àwo, ìbéèrè kan ni kí ó bi ara rẹ̀: èwo nínú oúnjẹ yìí ni yóò mú àlùkò jáde?