Ilé Lọ́nà Ìlú, Oko Lẹ́yìn Odi: Bí Àgbẹ̀ Abúlé Ṣe Ń Jẹ́ Ọmọ Ìbàdàn

Bi àgbà àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Àkànrán, tàbí lọ́nà Lálúpọn, pé ọmọ ibo ni wọ́n. Orúkọ abúlé kọ́ lo máa kọ́kọ́ gbọ́. "Ọmọ Ìbàdàn ni mí," ni wọ́n máa wí, wọ́n á sì dárúkọ agboolé wọn ní Òjé, ní Kúdẹtì tàbí ní Bẹẹrẹ. Ó lè jẹ́ abúlé náà ni wọ́n bí wọn sí, kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, tí wọ́n sì tọ́mọ. Síbẹ̀, bí ọdún bá dé, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé, ìlú ni wọ́n sì ń bá lọ.

Ogun ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dó sí Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni, àlejò sì ni gbogbo àwọn tó dó síbẹ̀. Bí ibùdó ṣe ń di ìlú, àwọn olóógun gba ilẹ̀ káàkiri. Oko ẹ̀tilé wà nítòsí odi, èèyàn lè jí lọ kó sì padà láṣàálẹ́. Oko egàn jìn, sísùn ló gbà. Ẹbí olóógun, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ àti àwọn tó kó lẹ́rú ló ń roko níbẹ̀. Wọ́n pa ahéré, ahéré di aba, aba di abúlé tó ní baálẹ̀. Ṣùgbọ́n agboolé tó wà nílùú ni mọ́gàjí, olórí ẹbí, ń gbé, ibẹ̀ ni oyè wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé òkú àgbà wá sin.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fiyè sí nìyí: ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú náà di ọmọ agboolé tí bàbá wọn ń roko fún. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló sọ èèyàn di ọmọ Ìbàdàn nígbà yẹn.

Ìjàyè, tó wà ní Akínyẹlé lónìí, yàtọ̀. Ìlú ńlá ni lábẹ́ Kúrunmí kí Ìbàdàn tó fọ́ ọ lọ́dún 1862. Àwọn tó padà tún un dó ò fi orúkọ agboolé Ìbàdàn rọ́pò tiwọn. Ará Ìjàyè ni wọ́n ń jẹ́.

Kòkó ló mú ọ̀rọ̀ le. Àwọn tó wá láti ìlú mìíràn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀. Owó tàbí ẹrù oko tí wọ́n ń san lè má pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó san án ti gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Àlejò ni bàbá, àlejò lọmọ, àlejò lọmọ-ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka-èdè Ìbàdàn ló ń sọ lẹ́nu.

Ní 1968, àwọn àgbẹ̀ àyíká yìí dìde nítorí owó orí. Wọ́n ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn máa san. Táfá Adéoyè ará Àkànrán wà lára olórí wọn. Òun ni Awólọ́wọ̀ lọ bá sọ̀rọ̀ lọ́dún 1969 kí rògbòdìyàn tó rọlẹ̀, tí owó orí sì dín kù. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn ni Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó kọ ìyà. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gidigidi, nítorí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè agboolé rẹ̀.

Ìwé ìjọba ló ń bi í báyìí. Wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé àti Lágelú sílẹ̀ lọ́dún 1976, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lọ́dún 1989. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 sì ti mú kí jíjẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan di ohun tí wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń yan mínísítà. Láti ìgbà náà, ọmọ tó ń wá iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní láti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ lọ́mọ Ìbàdàn ń rí "ọmọ Lágelú" kà nínú ìwé ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ò burú, orúkọ ẹni tí ìtàn ní ó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó, kí àwọn jagunjagun tó dé, ni Lágelú.

Ọmọ àlejò ló ń dùn mí. Bó bá dé ọ́fíìsì, agboolé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń bi í. Bí kò bá rí i dárúkọ, wọ́n á ní kó lọ gbàwé nílùú tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n mọ́. Ìbàdàn tó sọ ọmọ ẹrú ogun di ọmọ agboolé lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Baálẹ̀ abúlé tó mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ wà níbẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀rí rẹ̀, kí wọ́n sì fún ọmọ náà ní ìwé.