Ìdá 98 nínú 100: àwọn wo ni wọ́n bi, kí ni wọ́n bi wọ́n?

Lágbègbè Ìrèsì, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni tó bá mọ kòkó rà kì í fi ẹnu àpò ṣèdájọ́. Irin oníhò ló máa gún bọ ẹ̀gbẹ́ àpò, á tún gún ìdí rẹ̀, á bu kóró tó bọ́ jáde sí àtẹ́lẹwọ́, á là á wò bóyá inú rẹ̀ ti bu. Ẹni kan náà á ṣí fóònù, á rí òǹkà kan lórí WhatsApp, á sì gbé e mì láìjẹ.

Nínú ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ akọsákọ àti abosábo, 98 ni àgbà òǹkà ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2013, àjọ Pew Research Center ti Amẹ́ríkà bi àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè 39 bóyá ó yẹ kí àwùjọ gbà á mọ́ra. Ìdá 98 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bi ló ní kò yẹ. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 de ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo. Agbẹnusọ rẹ̀, Reuben Abati, ní ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà ló lòdì sí i.

Títí dé ibẹ̀, kò séwu: èrò ará ìlú ni wọ́n wádìí, èrò ará ìlú náà ni wọ́n rí. Àmọ́ nígbà tí 98 dé ẹnu àwọn ajiyàn, ó pa àwọ̀ dà. Wọ́n ní ó fi hàn pé ìdá 2 péré ló ń ṣe irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Wọn ò kúkú bi ẹnikẹ́ni nípa yàrá rẹ̀ o! Ká ní wọ́n tiẹ̀ bi í, ta ni yóò sọ ọ́ fún àjèjì tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, nígbà tí òfin tí Òyìnbó fi sílẹ̀ ti gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ka iwájú rẹ̀ tipẹ́? Àní ìkànìyàn ọdún 2006 kò bi wá ní ẹ̀sìn àti ẹ̀yà, kí ìjà má bàa dé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, níbi tí òfin ti dáàbò bo àwọn tó ń ṣe é, ìkànìyàn ọdún 2021 bi àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 16 ní irú ẹni tí ọkàn wọn ń fà sí. Ìdá 3.2 nínú 100 ló sọ pé àwọn wà lára wọn, ìdá 7.5 ò dáhùn rárá. Àwọn tó panu mọ́ ju ìlọ́po méjì àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn náà ní tiwọn lápò: pé ìdá 10 nínú 100 èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Inú ìwé tí Alfred Kinsey, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1948 ni wọ́n ti fà á yọ. Kinsey kó ẹlẹ́wọ̀n mọ́ àwọn tó bi, ìdá 10 náà sì jẹ́ ti ọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, wà nínú rẹ̀. Ìdá 4 ló ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà láti ìgbà tí wọ́n ti bàlágà.

Ti HIV ló burú jù. Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2014 rí kòkòrò náà lára nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin sùn tí wọ́n yẹ̀ wò. Òǹkà ńlá ni, kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ẹnìkan ló sì ń mú ẹnìkejì tó mọ̀ wá. Ẹ̀gbẹ́ àpò kan ṣoṣo ni irin gún. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti fò dé “àwọn ló kó o wá bá wa.” Ìwádìí ọdún 2018, tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti ilé dé ilé ní gbogbo ìpínlẹ̀, rí i pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49, ìdá 1.9 nínú 100 obìnrin ló ní in, ìdá 0.9 nínú 100 ọkùnrin. Ẹni tó ń fi 23 jiyàn kì í sábà mú èyí dání.