Etí tó ń purọ́: bí wọ́n ṣe ń kọ́ páílọ́ọ̀tì ní Tuskegee nígbà ogun

Ní July 1941, àwọn ọkùnrin mẹ́tàlá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti di páílọ́ọ̀tì ológun ní Tuskegee, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà fi parí ní March 7, 1942, márùn-ún péré ló kù. Àwọn mẹ́jọ yòókù ò kú o. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ ni.

Ẹ fi sọ́kàn pé èèyàn dúdú ni gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Títí di ọdún yẹn, àwọn ológun Amẹ́ríkà ò gba èèyàn dúdú láyè láti di páílọ́ọ̀tì wọn. Ní 1925, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọ̀gá ológun wọn ti kọ ìwé kan tó sọ pé ọpọlọ èèyàn dúdú ò pé tó, pé ọkàn rẹ̀ ò sì le tó, fún iṣẹ́ ogun tó gba làákàyè. Torí náà, bí ẹnì kan bá já ní Tuskegee, àwọn kan wà lókè tí inú wọn máa dùn láti fi ṣe ẹ̀rí.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní ibùdó náà ò mọ dúdú, kò mọ funfun. Ara èèyàn ni. Orí ilẹ̀ ni ara wa ti mọ bó ṣe ń dúró. Gbé e sókè òfuurufú, á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ ti lè rí Tuskegee Airmen nínú fíìmù. Ìjà ojú òfuurufú lórí Ítálì àti Jámánì ni wọ́n máa ń fi hàn wá. Oṣù mẹ́jọ, mẹ́sàn-án tí wọ́n lò ní Alabama kí wọ́n tó dé ibẹ̀, fíìmù máa ń sáré kọjá lórí ẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí.

Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ dáadáa tí fèrè á ti dún. Ẹ dìde, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìsí ìkákò kankan lára ẹ̀, ẹ dan bàtà, ẹ tò síta. Ẹni tó bá ṣáájú ẹ wọlé ní oṣù méjì péré, ọ̀gá ẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí bọ́dìn, kò yẹ kí n tún máa ṣàlàyé irú ayé yẹn fún yín. Lẹ́yìn eré ìdárayá àti oúnjẹ àárọ̀, wọ́n á pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ìdajì á lọ sí pápá ọkọ̀, ìdajì á lọ sí kíláàsì. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á pààrọ̀. Ní kíláàsì, ìṣirò wà, físíìsì wà, ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ wà, àti bí a ṣe ń ka máàpù. Wọ́n á kọ́ Morse títí etí wọn á fi máa gbọ́ ọ lójú oorun. Wọ́n tún máa ń yọ àwòrán ọkọ̀ òfuurufú lára ògiri fírí, kó tó pòórá kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ bóyá ti ọ̀tá ni tàbí ti wa.

Ẹni tó bá bọ́ sí ìpín àárọ̀ ní pápá, orí ẹ̀ ló bá a ṣe é, pàápàá láti June sí August. Ìdí rèé. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń fẹ̀, tó bá sì fẹ̀, á fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ ni ìyẹ́ ọkọ̀ ń tì sísàlẹ̀ kó tó lè gbé ara ẹ̀ sókè, torí náà bí afẹ́fẹ́ bá ti fúyẹ́, kò rí nǹkan gidi tì. Ẹ́ńjìnnì náà ń mí afẹ́fẹ́ kan náà yẹn, agbára tiẹ̀ náà á dín kù. Ọkọ̀ tó gbéra wẹ́rẹ́ láàárọ̀ á wá sáré jìnnà sí i lórí pápá lọ́sàn-án kó tó kúrò nílẹ̀. Tó bá tún dókè tán, ilẹ̀ tí oòrùn ti yan látàárọ̀ á máa ju afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè níbí, kò ní jù lọ́hùn-ún, ọkọ̀ á máa jó gìdìgìdì bíi dánfó tó bọ́ sójú kòtò.

Moton Field ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, pápá koríko kékeré kan tó jẹ́ ti Tuskegee Institute, yunifásítì àwọn èèyàn dúdú tó wà nílùú náà. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀ ni Stearman. Ìyẹ́ ẹ̀ jẹ́ méjì-méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan, kò sì ní òrùlé. Mẹkáníìkì ló máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á fi ọwọ́ wín irin kan títí ẹ́ńjìnnì á fi jí. Olùkọ́ jókòó níwájú, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lẹ́yìn. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ọ̀pá rọ́bà kan: olùkọ́ á sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ á bọ́ sí etí akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ò ní ibi tó lè fi fèsì. Wọ́n á bú ẹ, wàá mi orí, olùkọ́ á sì máa wo ojú ẹ nínú dígí kékeré tó wà lókè iwájú ẹ̀. Èmi ò rò pé mo lè fara da irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Fífò gan-an kọ́ ni Stearman fi ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, bíbalẹ̀ ni. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà nínú ṣúpámákẹ́ẹ̀tì. Táyà iwájú ẹ̀ máa ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ti ẹ̀yìn dúró gbọn-in. Tì í síwájú, á lọ tààrà. Fà á lọ sẹ́yìn kíákíá, ṣe ni yóò fẹ́ yí bírí mọ́ ẹ lọ́wọ́, torí pé táyà tí kì í yí ló ṣíwájú, ẹrù sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Bí Stearman ṣe rí nìyẹn. Táyà ńlá méjì wà níwájú, ìwúwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn wọn, táyà kékeré kan wà lábẹ́ ìrù. Tí ọkọ̀ bá balẹ̀ tó sì yà díẹ̀ báyìí, ìwúwo ẹ̀yìn á tì í kó yà sí i. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ìrù ti fẹ́ wá ṣíwájú, ìyẹ́ kan ti ń ha ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ló máa ń dá a dúró, ẹsẹ̀ tó ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí ìtẹ̀sẹ̀ ìrù láìsinmi, kí yíyà náà tó di ńlá. Ìwé ò lè kọ́ ẹsẹ̀ níyẹn. Àfi kí wọ́n balẹ̀, kí wọ́n gbéra, kí wọ́n tún balẹ̀.

Olórí àwọn olùkọ́ ní Moton Field ni Charles Alfred Anderson, tí gbogbo wọn ń pè ní Chief. Èèyàn dúdú ni, òun àtàwọn olùkọ́ tó kù níbẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sí olùkọ́ tó fẹ́ gbà á, ló bá lọ ra ọkọ̀ tiẹ̀. Ní March 1941, nígbà tí ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà, Eleanor Roosevelt, wá ṣàbẹ̀wò, ó ní kí Chief gbé òun fò. Ó gbé e. Fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, màmá náà ń rẹ́rìn-ín lórí àga ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá la Moton já á bọ́ sí ibùdó ológun gan-an, Tuskegee Army Air Field, níbi tí ọkọ̀ ti tóbi tí iyàrá sì ti pọ̀ sí i. Àwọn ọ̀gá ológun aláwọ̀ funfun ló kọ́kọ́ ń kọ́ wọn níbẹ̀. Wọ́n á máa fò lóru, wọ́n á sì máa fò láìwo ìta rárá. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ etí ti wọlé.

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ọ̀nà tín-ín-rín mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka. Omi wà nínú wọn, irun wẹ́wẹ́ sì wà tí omi náà lè tẹ̀. Tí orí bá yí, ọ̀nà á yí pẹ̀lú orí, ṣùgbọ́n omi á kọ́kọ́ lọ́ra. Irun á tẹ̀, ọpọlọ á gbọ́ pé a ń yí. Tí yíyí náà bá ń lọ lọ́nà kan náà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, omi á bá a dọ́gba, irun á nàró padà, ọpọlọ á sì gbà pé a ti dúró. Gbogbo wa la ṣe é lọ́mọdé: a pòòyì, pòòyì, a dúró lójijì, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Omi yẹn ló ṣì ń lọ nígbà tí orí ti dúró. Òòyì nìyẹn.

Ẹ wá gbé e sínú ìkùukùu tí èèyàn ò ti rí ilẹ̀. Ọkọ̀ ń yà sí òsì díẹ̀díẹ̀, etí páílọ́ọ̀tì ní kò yà. Imú ọkọ̀ á máa dorí kodò, eré á máa pọ̀. Páílọ́ọ̀tì á rí i pé òun ń lọ sílẹ̀, á fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra kó lè gòkè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti dà sí ẹ̀gbẹ́, tí o bá fa ọ̀pá, ṣe ló máa tún yà kíkankíkan sí i. Tó bá sì wá gbìyànjú láti tọ́ ọ, omi etí á sọ fún un pé ó ti ń dà sí ọ̀tún. Géèjì iwájú ẹ̀ ń sọ òtítọ́, gbogbo ara ẹ̀ sì ń búra pé irọ́ ni géèjì ń pa.

Nígbà yẹn, wọ́n ní àpótí kan tí wọ́n fi ń la èèyàn lọ́yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láìpa á: Link Trainer. Edwin Link, ọmọ oníléeṣẹ́ tó ń ṣe dùùrù àti ọ́gánì ní ìpínlẹ̀ New York, ló ṣe é. Ẹwìrì ló fi ń ṣiṣẹ́, irú èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ́gánì, ìbátan ẹwìrì àgbẹ̀dẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọ inú àpótí tó rí bí ọkọ̀ òfuurufú ọmọdé, wọ́n á pa ìdérí dé, òkùnkùn á ṣú, géèjì nìkan ló máa rí. Àwọn ẹwìrì á máa gbé e sọ́tùn-ún, sósì, bó bá ṣe fa ọ̀pá. Níta, olùkọ́ jókòó sídìí tábìlì tí máàpù wà lórí ẹ̀, ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan á sì máa rìn lórí máàpù náà, á máa fi íǹkì ya ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Ẹni tó bá sọ nù, íǹkì á tú u fó. Níbẹ̀rẹ̀, ibi ìṣeré àwọn èèyàn ni Link ti rí oníbàárà. Ó di 1934, tí ìjọba ní kí àwọn ológun máa fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lẹ́tà, tí ojú ọjọ́ burúkú sì pa páílọ́ọ̀tì tó lé ní mẹ́wàá láàárín oṣù díẹ̀, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Ó fò wá bá wọn nínú ìkùukùu tí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó lè wá nínú ẹ̀. Wọ́n ra mẹ́fà.

Tí olùkọ́ bá rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ò tẹ̀ síwájú, ẹlòmíì á bá a fò láti yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá tún já, ó parí nìyẹn, ó lè jẹ́ ọjọ́ náà ni yóò kẹ́rù. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, láàárín 1939 sí 1945, ó lé ní 190,000 tó yege, ó sì lé ní 120,000 tó já. Torí náà jíjá kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ọmọ funfun tó bá já lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ̀nà fún ọkọ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ọ̀nà yẹn ò ṣí fún èèyàn dúdú. Ẹni tó bá já ní Tuskegee lè di sọ́jà lásán ní ibùdó kan náà, kó máa wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbéra. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ìyàsọ́tọ̀ ọ̀hún náà ló jẹ́ kí ibùdó kan ṣoṣo máa ṣe iṣẹ́ bíi mẹ́ta. Àwọn ọmọ funfun máa ń kúrò ní ibùdó kan bọ́ sí òmíì bí ẹ̀kọ́ ṣe ń ga. Ní Tuskegee, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ ńlá àti ẹni tó ń múra ogun ń lo pápá kan náà. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Frederick Kimble, fi dandan lé e pé kí dúdú àti funfun má ṣe jọ jẹun. Nígbà tí Noel Parrish, òun náà jẹ́ funfun, gbapò ní December 1942, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ká, ó sì ń pe àwọn gbajúmọ̀ bíi Lena Horne wá dá wọn lára yá. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, àwọn obìnrin tó ń ká páráṣúùtì lórí tábìlì gígùn, àwọn nọ́ọ̀sì lábẹ́ Della Raney, èèyàn dúdú ni wọ́n. Tí wọ́n bá jáde sí ìgboro, òfin Alabama ló ń dúró dè wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó yege ló débi ogun. Nǹkan bí 15,000 ológun òfuurufú ló kú nínú jàǹbá ọkọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ nígbà ogun yẹn. Ní Britain náà bẹ́ẹ̀ ni: Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, tó jẹ́ ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní ipò ọ̀gá nínú RAF, jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní January 1945.

Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn, Benjamin O. Davis Jr., ló padà di ọ̀gágun dúdú àkọ́kọ́ nínú ilé-iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà ní 1954. Páílọ́ọ̀tì tó lé ní 900 ló gba Tuskegee jáde kí wọ́n tó ti ibùdó ńlá náà pa ní 1946. Moton Field ṣì wà. Ilé tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí níbẹ̀ ti di ibi àbẹ̀wò ìjọba, ọkọ̀ kéékèèké sì ń gbéra lórí pápá ẹ̀ títí dòní.