Bobby Benson: Ẹni Tó Sọ Fèrè Àjèjì Di Ọmọ Ilé

Nígbàkúgbà tí a bá ń ṣe ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí afọnsasofóònù bá dìde, tí àwọn tó wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá sì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀nà tí fèrè náà gbà wọ agbo wa kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn.

Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣe sasofóònù, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1846. Idẹ ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ti ara idẹ wá: pẹlẹbẹ esùsú tín-ín-rín kan, tí afọnfèrè ti fi itọ́ rẹ̀ rin kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ni ó ń gbọ̀n lórí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ń ké. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ wa, ni wọ́n fi í ṣe ohun èlò jáàsì, orin tí olórin ti ń dá ohùn tuntun lójú agbo gẹ́gẹ́ bí asunrárà ti ń ṣe.

Ìkòròdú, níbi tí èdè ẹnu wọn kò ti jìnnà sí ti àwa Ìjẹ̀bú, ni a bí Bobby Benson, ẹni tí mo ní ó sọ fèrè náà di ọmọ ilé, sí ní 1922, àbúrò T.O.S. Benson tó di mínísítà ìjọba àpapọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó kan ẹ̀ṣẹ́, ó sì wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi nígbà ogun Hitler. Ìrìn jìnnà sì ni a fi ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti bá ẹgbẹ́ oníjó àwọn aláwọ̀ dúdú ṣeré, níbẹ̀ náà ni ó sì ti pàdé Cassandra, aya rẹ̀. Ní 1947 àwọn méjèèjì dé sí Èkó, wọ́n dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, Bobby sì kó Jam Session Orchestra jọ, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta gìtá, tí ó sì ń fọn sasofóònù. Nígbà tí E.T. Mensah, olórin ọmọ Gánà, gbé háílàìfù, orin ijó ilẹ̀ wọn, wá sọ́dọ̀ wa, Bobby kò bá a jà, ó pò ó mọ́ jáàsì tirẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ "Taxi Driver", orin tí tọmọdé tàgbà mọ̀.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni àwọn ènìyàn tó kọ́. Ní ayé tí àwọn òbí ń ka olórin sí alágbe, ẹgbẹ́ Bobby di ilé ẹ̀kọ́: Victor Olaiya àti Zeal Onyia gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Roy Chicago, afọnsasofóònù tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ni a mọ̀ mọ́ mímú gángan wọ inú háílàìfù, tí idẹ àti awọ fi ń dá ara wọn lóhùn. Ìgbà náà ni fèrè àjèjì di ọmọ ilé.

Bobby kú ní 1983. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ ń kọ́ ilé ìwé, tí ẹ sì ń ná owó fún olórin lóde àríyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra fèrè sí àwọn ilé ìwé wa, kí ẹ sì gba olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Àgbà ni yóò bá a gbé ohun tó wà níbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.