Èèkù idà tí ó ń mì: àkíyèsí lórí ìlò

Èèkù ni apá tí ọwọ́ ń dì mú lára ọ̀bẹ, àdá tàbí idà. Inú òwe ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́kọ́ pàdé rẹ̀: bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe inú òwe náà. Tẹ̀ ni, olóhùn ìsàlẹ̀; ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e ni ó sọ ohùn rẹ̀ di àárín. Bí a bá fi arọ́pò-orúkọ sí ipò èèkù, ohùn ìsàlẹ̀ náà á padà: ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí òwe náà kò kọ́ wa ni bí a ó ti sọ ọ́ nígbà tí èèkù fúnra rẹ̀ kò bá dúró mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ògbufọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò fún èèkù àti fún bí ọwọ́ ṣe di nǹkan mú. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀. 'Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára èèkù' ń sọ nípa ẹni tí ó mú idà. 'Èèkù idà rẹ̀ ń mì' ń sọ nípa idà. Mo ti ka ìtumọ̀ kan tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 'di idà mú gírígírí', níbi tí òǹkọ̀wé ti ń wí pé kí ó tún èèkù ṣe. Àṣìṣe yìí kọjá ti gírámà. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e yóò máa fún ọwọ́ pọ̀ lásán, irin lè bọ́ lára èèkù níbi tí ó ti ń jù ú, kí ó sì fò lu ẹni tí ó dúró níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a mú iaitō ṣe àpẹẹrẹ, idà tí àwọn tí ń kọ́ iaidō, iṣẹ́ idà yíyọ ti ilẹ̀ Jàpáànì, fi ń dánra wò. Àdàpọ̀ síńkì àti alumíníọ̀mù ni a fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, a kì í sì í pọ́n ojú wọn. Tsuka ni èèkù rẹ̀ ń jẹ́: igi ẹlẹ́là méjì tí a lẹ̀ pọ̀, tí a fi awọ ẹja bò, tí a sì fi ọ̀já wé. Ìdí irin wọ inú igi yìí. Ohun tí ó dá a dúró níbẹ̀ ni mekugi, èèkàn ọparun kékeré tí ó la èèkù àti irin kọjá. Idà mìíràn ní méjì. Bí èèkàn bá jẹ, tàbí bí igi bá gbẹ tí ó sì súnkì, èèkù á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Èèkàn ni mo yàn fún mekugi, n kò pè é ní ìṣó. A máa ń kan ìṣó mọ́ nǹkan kí ó lè wà níbẹ̀ pẹ́. Mekugi gbọ́dọ̀ ṣeé yọ, nítorí pé à ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ìdí kan èèkàn náà tóbi ju èkejì lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tí ó tín-ín-rín ni a ó ti tì í jáde. A ó gbẹ́ òmíràn láti ara ọparun gbígbẹ tí ó ki, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi há. A ó sì gé èyí tí ó bá yọ síta. Há ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ níhìn-ín, kì í ṣe le, nítorí pé igi líle pàápàá lè máa mì nínú ihò rẹ̀. Bí àyè bá wà láàárín èèkù àti àwo tí ó dáàbò bo ọwọ́, a ó fi seppa, irin pẹlẹbẹ onílà láàárín, tí ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dí i. Èèkù tí ó bá ti sán kò gba èèkàn. Oníṣẹ́ ni yóò ṣe òmíràn.

Àgbẹ̀ a máa rẹ ọpá àáké sómi kí igi lè wú, tàbí kí ó fi àkísà há a. Kí ògbufọ̀ má ṣe fi ọgbọ́n oko yìí kún ìtumọ̀ rẹ̀: omi yóò ba àtè àti ọ̀já tsuka jẹ́.

Ó ku bọ́ àti yọ. 'Irin bọ́ lára èèkù': òun fúnra rẹ̀ ni, ewu sì ni. 'A yọ irin kúrò nínú èèkù': ọwọ́ ènìyàn ni, fún àtúnṣe.