Ẹ Jẹ́ Kí Òòrùn Rí Aṣọ Nǹkan Oṣù

Bí ènìyàn bá wọ àgbàlá kan ní ọjọ́ tí a fọ aṣọ, yóò rí agbádá baálé ilé lórí okùn, yóò rí ìró ìyàwó, yóò sì rí ilédìí ọmọ ọwọ́. Aṣọ kan ni kò ní rí, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ilé náà ń fọ̀ ọ́ lóṣooṣù: èyí ni aṣọ tí ó fi ń gba nǹkan oṣù rẹ̀. Abẹ́ ibùsùn ni a máa ń sá a sí, tàbí ẹ̀yìn àpótí, kí ọkùnrin má baà rí i. Ìtìjú yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí, nítorí pé òun ni ó ń ba ìlera ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́, pàápàá ní àwọn ìletò tí kò ní omi ẹ̀rọ, tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, tí owó pádì sì ju agbára wọn lọ.

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, aṣọ kò jẹ̀bi. Aṣọ òwú tí ó mọ́, tí ó sì gbẹ dáadáa, kò léwu. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá wa. Ibi tí ó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ kò dé, ni kòkòrò àrùn ti ń gbilẹ̀. Bí obìnrin bá wá lo aṣọ tí kò gbẹ tán, ojú ara lè máa yún un, ìtọ̀ lè máa ta á, omi olóòórùn sì lè máa jáde. Ìtìjú kan náà ni kò ní jẹ́ kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní Coimbatore, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà, ni Arunachalam Muruganantham ti ṣàkíyèsí ní ọdún 1998 pé ìyàwó òun ń fi àkísà pamọ́ fún òun. Nígbà tí ó bi í léèrè, ìyàwó náà ní bí òun bá ń ra pádì, owó wàrà ilé ni yóò bá a lọ. Ọkùnrin náà fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà láti ṣe pádì tí kò wọ́n, títí àwọn aládùúgbò fi rò pé orí rẹ̀ ti yí. Níkẹyìn, ó ṣe ẹ̀rọ kékeré tí àwọn obìnrin abúlé fi ń ṣe pádì fúnra wọn. Ní ọdún 2016, ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Shri dá a lọ́lá.

Ní Nàìjíríà, òfin ìnáwó ti ọdún 2019, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, yọ owó orí ọjà kúrò lórí pádì tí a ṣe nílé. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí owó pádì ní láti mọ bí a ti ń tọ́jú aṣọ.

Ẹ wá aṣọ òwú tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ó bá mọ́. Ẹ gé ege méjì, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 10, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 3, kí ẹ sì fi etí sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tí a ó fi bọ́tìnnì dè mọ́ abẹ́ pátá. Ẹ rán an bí àpò. Tówẹ̀lì tí a ṣẹ́ po ni kí ẹ máa kì bọ inú rẹ̀, kí ó lè ṣeé yọ fọ̀, kí ó sì tètè gbẹ. Mẹ́fà tó fún ẹnì kan. Kí ìyá àti ọmọ má ṣe pín in lò.

Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 4 sí 6. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, nítorí omi gbígbóná a máa mú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ fi ọṣẹ sí i, ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kí ẹ sì sá a sínú òòrùn. Lásìkò òjò, ẹ lọ̀ ọ́ kí ó gbẹ tán. Ní ti ara, ìta nìkan ni kí ẹ fi omi wẹ̀. Ẹ má ṣe ki ọṣẹ, álọ́ọ̀mù tàbí oògùn apakòkòrò bọ inú.

Bí nǹkan oṣù bá ju ọjọ́ 7 lọ, bí aṣọ bá ń rin gbingbin ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tàbí bí ibà àti inú rírun bá bá omi olóòórùn rìn, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti àwọn ọmọbìnrin wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rí nǹkan oṣù ní ọmọ ọdún 12, àwọn mìíràn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún wọn kí ọjọ́ náà tó dé, kí ẹ̀rù má baà lé wọn kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ohun tí ìyá bá ń fi pamọ́, ọmọ yóò kọ́ láti fi pamọ́. Ohun tí ìyá bá sá sórí okùn láìtijú, ọmọ yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin baálé ilé náà, bí ẹ bá rí i lórí okùn, ẹ má ṣe bínú. Ìlera ilé yín ni ẹ rí yẹn.